Mélòó Ló Wọlé?

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń wọ búùtù. Ní àsìkò yẹn, ẹni tó ń pe ìrun ní abúlé tó múlé gbè wá á ti ṣe tán, ṣùgbọ́n òkùnkùn ṣì wà nílẹ̀. Mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì dání, màá fi ìwé kékeré kan sápò, màá sì de ẹ̀rọ tín-ín-rín tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ka tẹ́súbà mọ́ ìka. Ó di ẹnu géètì.

Géètì ọgbà tí àwọn màlúù wa ń sùn sí fún. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí méjì má lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwo ló ń kọ́kọ́ yọ, ojú tó ń kọ mànà bí ìgò á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iké, lẹ́yìn náà ìrù. Ooru ara wọn á máa fẹ́ lù mí nítan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá ni mo ń tẹ ẹ̀rọ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹfà, èyí tó kẹ́yìn jáde, mo tanná sí ẹ̀rọ ọwọ́ mi: 63.

64 ló yẹ kó jẹ́. Ìwé ìrọ̀lẹ́ àná wà lápò mi, 64 ló wà nínú rẹ̀. Mo yí ọgbà náà po, wáyà kankan kò já. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé ẹni tó bá jí màlúù gbé ní apá ọ̀dọ̀ wa kì í fi àmì sílẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹran ti di ẹran ọbẹ̀.

Mo pe Bàbá. Bàbá ni olórí àwọn darandaran wa. Fúlàní ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá Òkè-Ògùn ló sì ń sọ, tó dá ṣáká. Kò bèèrè iye. Ó kàn rìn la àárín àwọn màlúù náà kọjá, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn méjì mẹ́ta, ó padà wá bá mi.

"Elétí yíya kò sí níbẹ̀. Abo tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun débi omi."

Ẹ̀rọ mi ti sọ pé ọ̀kan kò sí. Bàbá ló sọ ẹni tí kò sí.

Inú ẹran ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n ti pa ni. Ìyá mi ta ẹran ní ọjà Bódìjà fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ni mo ti mọ ṣàkì yàtọ̀ sí àbọ́dì, mo mọ fùkù, mo mọ ẹ̀dọ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran tí oníbàárà tó ní lọ́wọ́ máa ń fẹ́. A kì í lo òṣùwọ̀n. Ojú ni Màámi fi ń wọ̀n, ojú rẹ̀ kì í sì í purọ́. Ṣùgbọ́n màlúù alààyè, mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Lójú mi nígbà yẹn, ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè Ọya ni, tí wọ́n ń já sílẹ̀ lálẹ́, tó sì ti di ègé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun méjì ni mo rí nígbà náà tí kò kúrò lójú mi. Mo tẹ̀ lé Màámi lọ sódò ẹran lọ́jọ́ kan. Alápatà la ikùn màlúù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá funfun, okùn àpò, gbogbo wọn ti lọ́ mọ́ra wọn bí òṣùká, ó sì tóbi ju orí mi lọ. Màlúù náà ti rù kan egungun kí wọ́n tó pa á. Inú ìgboro ló ti ń jẹ̀, lórí ààtàn, níbi tí koríko kò sí. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n la ikùn mìíràn, ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti pé, irun ti hù sí i lára, pátákò rẹ̀ rọ̀ bí èèkánná ọmọ tuntun. Màámi fi ìborùn bò mí lójú, ó wí fún alápatà náà pé, "Ẹni tó tà á kò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ ìlera ẹran ní Moor Plantation, òun náà ló sì gbé mi dé orí ilẹ̀ tí mo wà yìí. Màámi kò lọ sọ́jà mọ́ báyìí, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo alẹ́ ló máa ń pè mí lórí fóònù. Kò ní kọ́kọ́ bèèrè bóyá mo ti jẹun. Ohun tó máa ń bèèrè ni pé, "Mélòó ló wọlé?"

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní Ìbàdàn ni oko màlúù tí mo jẹ́ mánéjà rẹ̀ wà, lẹ́yìn Mọ́níyà, lójú ọ̀nà tó gba Ìjàyè lọ sí Ìsẹ́yìn. Hẹ́kítà 54 ni. Wáyà yí gbogbo rẹ̀ ká, a sì tún fi wáyà pín inú rẹ̀ sí pápá mẹ́sàn-án. Nínú àwọn pápá yìí ni àwọn màlúù ń jẹ̀ kiri fúnra wọn, láìsí okùn lọ́rùn, láìsí ẹni tó ń nà wọ́n lẹ́gba. Bí àlejò bá dé, ohun tó máa ń sọ ni pé iṣẹ́ wa rọrùn, ẹran kúkú ń jẹ koríko, kí ló tún kù? Mi ò kì í jiyàn. Mo máa ń mú un lọ sí pápá kìíní ni.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni a ń lò nínú pápá kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, a ó kó wọn bọ́ sí èyí tó kàn, pápá tí wọ́n fi sílẹ̀ á sì sinmi fún ọjọ́ 32 kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Ìdí ni pé koríko tí màlúù bá jẹ lónìí á bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewé tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé tuntun yẹn ló sì dùn jù lẹ́nu màlúù. Bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á padà sórí rẹ̀, wọ́n á fi èyí tó ti gbó sílẹ̀. Koríko tí wọ́n bá jẹ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láìsinmi, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń jẹ láti fi hù, gbòǹgbò náà á kúrú, á kú. Ohun tó sì máa ń gba ipò rẹ̀ ni ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti roko ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ewé yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sí màlúù tó ń fẹ́ ẹ jẹ, bó bá sì ti gba ilẹ̀, àdá nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí, ọdún kẹfà rèé, ó ti gba pápá méjì tán pátápátá. Ọdún méjì gbáko ni a fi gbà wọ́n padà, tí koríko Guinea àti eèsún sì tún yọ orí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe láàárọ̀ lẹ́yìn kíkà ni pé mo ń wo koríko. Mo máa ń na ọwọ́ sí i. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀, yálà ọjọ́ mẹ́rin pé tàbí kò pé, a ó kó wọn kúrò. Ìwé sọ pé ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n òjò ni kò ka ìwé yẹn.

Lẹ́yìn koríko, ó kan ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn gbọ́, ṣùgbọ́n òun ni ìwé ìròyìn tí mo kọ́kọ́ ń kà lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ tó bá le, tó to lórí ara rẹ̀ bí òkèlè ẹ̀bà àná, ń sọ pé koríko ti gbó jù, kò sí agbára nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ń ṣàn bí ògì tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ pé koríko rọ̀ jù tàbí pé aràn wà nínú. Èyí tó dára máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, pẹ̀lú kòtò díẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ òsì ẹran, lẹ́yìn ìhà tó gbẹ̀yìn. Apá ibẹ̀ ni àpò oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ibẹ̀ bá jìn wọnú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀, ẹran yẹn kò jẹun dáadáa láti àná, mo sì gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ọ̀sán, bí mo bá dé abẹ́ igi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, ọkàn mi máa ń balẹ̀ bíi ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ sùn lẹ́yìn oúnjẹ.

Bàbá ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a sì jà kó tó kọ́ mi. Èmi ti kọ́ nílé ìwé pé ìdájí ni ara tu, kí a ṣí pápá fún ẹran ní kùtù kí oòrùn tó mú. Bàbá kọ̀. Ó ní lásìkò òjò, kí a dúró kí ìrì gbẹ lórí koríko ná. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Mo fi agbára mánéjà ṣí géètì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ màlúù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú níkùn, irun wọn dúró ṣánṣán, abẹ́ àgbọ̀n méjì nínú wọn wú bí ẹni pé wọ́n fi omi sí i. Dókítà ẹran wá, ó wo ìgbẹ́ wọn, ó ní aràn ni. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gba inú omi ìrì gun ewé koríko, bí oòrùn bá sì ti mú, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ padà sílẹ̀. Ohun tí Bàbá ń sọ gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ aràn. Mo lọ bá a nínú gáà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bínú. Ìwọ ń wo aago, èmi ń wo koríko."

Láti ìgbà náà, lásìkò òjò, ibi omi àti iyọ̀ ni àwọn màlúù ń kọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá kúrò níbi tí wọ́n sùn. Pápá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án.

Omi fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Bí mo bá dá 40 lítà fún màlúù kan lójúmọ́, 64 wọn á mu 2,560 lítà, ọ̀tọ̀ sì ni ìgbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ táútáú. Táǹkì wa ń gba 10,000 lítà, sólà ló ń fa omi sínú rẹ̀ láti inú kànga ẹ̀rọ. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lónìí, n kò ní tó ọjọ́ mẹ́rin láti fi tún un ṣe. Mi ò kì í jẹ́ kí àwọn ẹran mu omi odò tó gba ẹ̀yìn pápá kẹjọ kọjá. Abẹ́ òjìji igi létí odò bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin tsetse ń gbé, òun ló sì ń gbé àrùn tó ń mú kí ẹran máa rù díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ̀ á máa sun omi, títí kò fi ní lè dìde mọ́. Bunaji, màlúù funfun oníwo gígùn tó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára sí àrùn yìí. Àwọn màlúù kékeré tí kò ní iké, tí àwọn baba wa ń pè ní ẹranlá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Muturu, lè gbé e mọ́ra. N'Dama tó wá láti ilẹ̀ Guinea náà lè gbé e mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló rò pé màlúù kò kàn wá rí, pé ẹran àlejò ni. Ẹranlá wà ní abúlé wa kí ọkọ̀ kankan tó gbé màlúù dé Bódìjà. A ní mẹ́rin nínú oko, akọ kan, abo mẹ́ta, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i.

Eégbọn ni tiwa lójoojúmọ́ lásìkò òjò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ni a ń da oògùn sí wọn lára, nínú ọ̀nà tóóró onírin tí wọ́n ń tò wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lékeléke máa ń bá wa ṣe é, wọ́n á dúró lẹ́yìn màlúù, wọ́n á máa ṣa ohun tí wọ́n rí. Àwọn ọmọ abúlé sì máa ń wá dúró lẹ́bàá wáyà láti na ìka sí lékeléke, bí gbogbo wa ti ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni tọdọọdún. Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti wà láti 1924, inú yìnyín ló sì gbọ́dọ̀ wà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mi ò bá fi ọwọ́ ara mi kan yìnyín inú kúlà náà, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti bi mí. Òfin tó ń ṣàkóso dída ẹran jẹ̀ jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2019. Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 17 tó wà ní gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba dópin lọ́dọ̀ wọn. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún ohun ọ̀sìn nìkan. Mo wà lẹ́yìn òfin yẹn. Mo ti rí oko tí màlúù jẹ, mo ti rí ẹkún àgbàlagbà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni pé bí àwọn ènìyàn bá ti sọ pé kí ẹran wà nínú ọgbà, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ parí. Wáyà kì í da ẹran jẹ̀. Wáyà kì í sì í ṣọ́ ara rẹ̀.

Èmi ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, ikán jẹ òpó igi mẹ́ta ní apá ìlà oòrùn. Mo ti rí i pé àwọn òpó náà ń mì, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lóru ọjọ́ kan, wáyà tẹ̀, màlúù 11 gba ibẹ̀ kọjá sínú oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan tó ń ta gàrí. Ilẹ̀ mọ́, mo bá ìyá náà níbi tó dúró sí, kò pariwo, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ọmọ mi," ló wí, "wá wo iṣẹ́ ọdún kan."

Ọ̀kan nínú àwọn màlúù náà ti kú sínú ebè. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, èyí tó ń gba èémí lára ẹran, bó bá sì jẹ ẹ́ yó, kì í pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà nínú ìrì, èmi obìnrin, nítorí kíkúnlẹ̀ kéré lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Oko san owó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pé, a kò já a sí méjì. Èmi náà sọ fún ẹni tó ni oko pé ẹ̀bi mi ni, pé mo rí òpó náà, mi ò ṣe é.

Nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni ohun méjì tó dára jù lọ nínú oko wa ti jáde. Èkíní, a ò ri òpó gbígbẹ mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Agúnmániyè ni a gé, a rì wọ́n sílẹ̀, wọ́n ta gbòǹgbò, wọ́n sì di òpó alààyè. Ikán kì í sábà jẹ ohun tó ń hù. Ní Ìbàdàn níbí gan-an ni àwọn olùwádìí ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí igi yìí ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n ń wá bí àgbẹ̀ ṣe lè máa gbin oúnjẹ láàárín rẹ̀ kó sì tún máa fi ewé rẹ̀ bọ́ ẹran. Láti oṣù Kejìlá, tí koríko bá ti di igi ìdáná, ewé agúnmániyè ni a ń gé fún wọn. Wọ́n kì í fẹ́ òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá sá a kó rọ díẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán.

Èkejì ni èèpo ẹ̀gẹ́. Ìyá yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da èèpo nù lẹ́yìn ilé, ó ń jẹrà, ó ń rùn, wọ́n ń dáná sun ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. A kì í fún ẹran ní tútù rárá, ohun tí mo rí nínú ebè yẹn tó mi. Ọ̀nà tí ILRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀sìn, fi ń kọ́ni ní Ìbàdàn ni a ń tẹ̀ lé: a ó fi ẹ̀rọ gàrí rin ín, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó kù ú, a ó sì sá a. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Òun la fi ń kọjá oṣù Kìíní àti oṣù Kejì. Láàárín oṣù méjì yẹn, mi ò kì í sùn dáadáa, nítorí iná ọdẹ. A máa ń ro ẹ̀gbẹ́ wáyà mọ́ ní fífẹ̀ mítà márùn-ún yíká, kó máa hàn bí ojú ọ̀nà, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Màlúù kankan kò sì lè kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí ọjà Akínyẹlé tàbí sí odò ẹran ní Amósùn bí dókítà kò bá tíì yẹ ikùn rẹ̀ wò. Abo tó bá lóyún kì í lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á lè dá owó lé owó, kì í lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Mo pe ọmọkùnrin tó ka ẹran ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ara mi kò yá lọ́jọ́ náà, òun ni mo fi rọ́pò ara mi ní géètì. Mo bi í bóyá ó kà wọ́n. Ó wo ilẹ̀. Òjò ń rọ̀, ló wí, wọ́n ń sáré wọlé, ó sì ti mọ̀ pé 64 ni wọ́n, nítorí náà ó kọ ọ́. N kò lè pariwo mọ́ ọn, nítorí pé mo mọ bí ó ṣe rí. Iye tí ènìyàn ti ń kọ fún oṣù mẹ́ta, ọwọ́ á máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo kàn sọ fún un pé kó bá wa lọ.

Pápá kẹfà ni wọ́n ti jẹ̀ lánàá. A bá a níbẹ̀, òun nìkan, ó ń jẹko bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí. Ikùn rẹ̀ ti wọlé. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà ní ìrù rẹ̀, ọmú rẹ̀ kún débi pé orí rẹ̀ nà síta. Ọmọkùnrin náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú koríko kiri. Bàbá dì í lápá mú.

"Má wá a. Bí o bá wá a, kò ní fi hàn ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Jókòó."

A jókòó sábẹ́ igi ìyeyè. Elétí yíya ń wò wá, ó ń jẹ, ó ń wò wá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ rìn lọ sí apá òsì, ó dúró níbẹ̀, ó ń fi imú gbọ́ ilẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín sínú. Ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú tí a fi wà bẹ́ẹ̀, omi ti wọ aṣọ mi látẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó rìn tààrà lọ sí ìdí eèsún kan lápá ọ̀tún, tí kò jìnnà sí wa rárá, ó sì ké ohùn kan tí mi ò lè kọ sílẹ̀, ohùn kúkúrú láti inú ọ̀fun, tí kì í ké sí ẹlòmíràn. Eèsún náà mì. Etí méjì ló kọ́kọ́ yọ.

Abo ni. Funfun ni, ó ṣì ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ ti lá a gbẹ, ó sì ti mu wàrà àkọ́kọ́ tó ki tó pọ́n yẹn, a rí i lára ẹnu rẹ̀. Ìyẹn ló gba ọkàn mi, nítorí bí ọmọ kò bá mu ún láàárín wákàtí díẹ̀ tó kọ́kọ́ délé ayé, ara rẹ̀ kò ní ohun tí á fi bá àrùn jà. Bàbá di ìyá mú ní ìwo, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Fúláàní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọkùnrin náà gbé ọmọ dání, èmi ti ìwọ́ rẹ̀ bọ inú ife oògùn apakòkòrò. Àyà ọmọ náà ń lù kìkìkì mọ́ apá ọmọkùnrin yẹn. Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní, "Àǹtí, n ó máa kà wọ́n."

Mo fún un ní ẹ̀rọ tẹ́súbà náà. Lálẹ́ yẹn, òun ló dúró ní géètì, èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wá síbi kíkà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń wọlé, ó ń sọ orúkọ tí òun ń pè é sí ọmọkùnrin náà létí, Oníwo kan, Ìyá àgbà, Dúdú etí, Arìngbẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin náà ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń tún orúkọ náà pè lẹ́nu.

Mo ń bọ́ búùtù lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún.

"Mélòó ló wọlé?"

"Márùndínláàádọ́rin, Màámi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe dún bó ṣe ń ṣún jókòó.

"Ta ló bí?"

"Elétí yíya."